Ayé Tí Kò Ní Irin: Terminus àti Àwọn Ayé Etílé Nínú Ìtàn Foundation Ti Isaac Asimov

Nínú ìtàn Foundation tí Isaac Asimov kọ, mílíọ̀nù 25 ni àwọn ayé tí ènìyàn ń gbé nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa. Ọba kan ṣoṣo ni ó ń jọba lórí gbogbo wọn, ìjọba náà sì ti lo 12,000 ọdún. Ní etí ìṣùpọ̀ náà, níbi tí ìràwọ̀ ti ń tán lọ, ni Terminus wà. Òun nìkan ni ó ń yí oòrùn rẹ̀ po. Kò sí ọ̀nà òwò kan tí ó gba ibẹ̀ kọjá, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irin kankan nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Hari Seldon kó lọ, àwọn àti ìdílé wọn, 100,000 ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ Seldon ni pé ó fi ìṣirò rí i pé ìjọba náà yóò wó, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Òkùnkùn tí yóò tẹ̀lé wíwó náà yóò pẹ́ tó 30,000 ọdún; bí a bá tètè múra, a lè dín in kù sí 1,000. Iṣẹ́ tí a ní kí àwọn tí a kó lọ sí Terminus ṣe ni láti kọ ìwé ńlá kan tí gbogbo ìmọ̀ ẹ̀dá yóò wà nínú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni a pe ẹgbẹ́ wọn, òun náà ni orúkọ ìwé tí Asimov kọ.

Kò pẹ́ tí àwọn ayé tí ó yí Terminus ká fi bọ́ lọ́wọ́ ọba, tí wọ́n di ìjọba kéékèèké tí ń wá ìjà káàkiri. Agbègbè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Etílé ni orúkọ tí ó bá a mu jù ní Yorùbá, nítorí pé bí etílé ti rí sí ìgboro ni agbègbè náà ṣe rí sí Trantor, olú-ìlú ọba: ó wà lára ìlú, ṣùgbọ́n ohun tí ìgboro bá lò kù ni ó ń kàn án. 'Ayé' sì sàn fún àlàyé yìí ju 'pílánẹ́ẹ̀tì' lọ. Pílánẹ́ẹ̀tì jẹ́ òkúta àti afẹ́fẹ́. Bí Yorùbá bá ní ayé, ènìyàn ti wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwà wọn àti ohun tí wọ́n lè fi ojú ẹni rí. Ènìyàn ni Asimov náà ń wò.

Rọ́ṣíà ni a ti bí Asimov ní 1920, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1941, ó ń lọ sí ọ́fíìsì John W. Campbell, olóòtú ìwé àtìgbàdégbà Astounding Science-Fiction, ní New York. Kò ní ìtàn kankan lọ́wọ́ tí yóò bá a sọ. Ó ṣí ìwé eré olórin ti Gilbert àti Sullivan kan lójú ọ̀nà, ó rí àwòrán ọmọ-ogun nínú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lọ láti orí ọmọ-ogun sí orí ilẹ̀ ọba, láti orí ilẹ̀ ọba sí orí Róòmù. Ó ti ka ìwé tí Edward Gibbon kọ lórí ìṣubú Róòmù. Bí Róòmù ti ṣubú ni ó pinnu pé kí ìjọba àwọn ìràwọ̀ ṣubú: kí àwọn gómìnà ẹnu ààlà kọ́kọ́ sọ ara wọn di ọba, kí ìmọ̀ sì sá pamọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní idà. Ìtàn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù karùn-ún 1942, èyí tí ó kẹ́yìn sì parí ní oṣù kìíní 1950. A kó wọn jọ sí ìwé mẹ́ta ní 1951, 1952 àti 1953.

Òǹkàwé tí ó bá ti inú ìwé Fágúnwà bọ́ sí Foundation yóò kọ́kọ́ rò pé a rẹ́ ẹ jẹ. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn kì í pàdé ẹ̀dá kan láìjẹ́ pé a ka ojú rẹ̀, a wo èékánná rẹ̀, a sì gbọ́ bí ó ti ń mí. Nínú Foundation, kò sí ẹ̀dá àjèjì kan. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òkè, odò tàbí òjò. Yàrá ni ọ̀pọ̀ ìran ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì jókòó, wọ́n ń jiyàn. Eré tẹlifíṣàn tí Apple TV+ bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní 2021 ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ilẹ̀ àti òkun fún àwọn ayé náà, torí ìwé kò fún un ní púpọ̀. Àléébù ni, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Asimov ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi ń ya ayé kan sọ́tọ̀ sí èkejì: ohun tí ayé kọ̀ọ̀kan kò ní ni ó fi ń dá a mọ̀.

Trantor ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlú kan ṣoṣo, irin ni a fi bò ó, bílíọ̀nù 40 ènìyàn sì ń gbé lábẹ́ irin náà. Iṣẹ́ ìjọba ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ gbogbo wọn. Wọn kì í gbin nǹkan kan. Ayé 20 tí ń dáko ni ó ń bọ́ wọn, ọ̀wọ́ ọkọ̀ òfurufú sì ń gbé oúnjẹ wọlé lójoojúmọ́. Nítorí náà, ayé tí ó lágbára jù lọ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni ebi lè pa láàrin ọjọ́ díẹ̀ bí ẹnìkan bá dí ojú ọ̀nà. Trantor kò ní oúnjẹ. Terminus kò ní irin. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni pé agbára bo àìní Trantor mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi rò ó mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan ní Terminus tí kò mọ̀ pé àwọn kò ní irin.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ Terminus náà sì ní ilé tí ó ti wá. Látinì ni, àwọn ará Róòmù sì ní òrìṣà kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ń ṣọ́ òkúta ààlà oko. Yorùbá ní òpin, ó sì ní ààlà. Òpin ni ibi tí nǹkan ti tán. Ààlà ni ibi tí nǹkan ti pàdé òmíràn. Ọ̀rọ̀ Látinì náà gba méjèèjì. Ẹni tí ó bá dúró ní Trantor wo ibẹ̀ yóò rí òpin. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ kò ní pẹ́ rí i pé orí ààlà ni òun wà, àti pé àwọn aládùúgbò ń bọ̀.

Aládùúgbò tí ó kọ́kọ́ dé ni Anacreon. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí a dá Ìpìlẹ̀ sílẹ̀, gómìnà Anacreon ti di ọba, ìjọba mẹ́rin sì ti yọ jáde ní Etílé: Anacreon, Smyrno, Konom àti Daribow. Anacreon rán ikọ̀ sí Terminus pé òun fẹ́ kọ́ ibùdó ogun síbẹ̀. Salvor Hardin, olórí ìlú Terminus, fi ọ̀rọ̀ wá ikọ̀ náà lẹ́nu wò, ó sì rí àṣírí kan: Anacreon kò ní agbára átọ́ọ̀mù mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọkọ̀, wọ́n ní ọmọ-ogun, wọ́n ní adé, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sí lílo epo àti èédú, nítorí pé ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ńlá náà tún ṣe ti kú tán láìfi àrólé sílẹ̀.

Asimov kò jẹ́ kí òǹkàwé rò pé ìwà òpè àwọn ará etílé ni. Nígbà kan náà ni aṣojú ọba kan ti Trantor dé, Olóyè Dorwin, ọ̀mọ̀wé tí ó fẹ́ràn láti mọ ibi tí ìran ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. Hardin bi í pé ṣé ó ti lọ sí àwọn ayé tí a ń fura sí náà kí ó lọ wo ilẹ̀ wọn. Ẹnu ya Dorwin: kí ni yóò lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ti kọ ìwé lórí rẹ̀? Ó máa ń fi ìwé wé ìwé, yóò sì mú èyí tí ó tọ́. Dorwin yìí kan náà ni ó sọ láìbìkítà pé ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kan bú ní ayé kan, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjọba sì ń gbèrò láti dín lílo irú agbára bẹ́ẹ̀ kù. Èrò Hardin ni pé kí wọ́n kọ́ ènìyàn sí i tí yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Dorwin kò gbọ́ èdè yẹn. Níhìn-ín ni Asimov ti fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀: àárín àti etí ní àrùn kan náà. Etí ni ó kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òtútù ti máa ń kọ́kọ́ mú ìka ẹsẹ̀.

Hardin fi ìjọba mẹ́ta yòókù dẹ́rù ba Anacreon, ogun kò sì ṣẹlẹ̀. Ní àsìkò náà ni àwòrán Seldon, tí ó ti kú tipẹ́, sọ fún àwọn ará Terminus láti inú ẹ̀rọ pé ẹ̀tàn ni ìwé ńlá tí wọ́n ti ń kọ láti 50 ọdún. Kò bìkítà bóyá ìwé náà jáde tàbí kò jáde. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí wọ́n wà níbẹ̀.

Ohun tí Ìpìlẹ̀ ṣe lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò jù lọ. Ó fún ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní agbára átọ́ọ̀mù, iná, ìwòsàn àti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó fi gbogbo rẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn. Àwọn ọ̀dọ́ tí orí wọn pé ní Anacreon ni a ń kó wá sí Terminus láti di àlùfáà. A kọ́ wọn ní bọ́tìnì tí wọn yóò tẹ̀ àti àdúrà tí wọn yóò gbà bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. A kò kọ́ wọn ní ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá rí èyí tí òye rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí ìdí náà fúnra rẹ̀, Terminus kì í dá a padà. Ó di olùwádìí níbẹ̀. Báyìí ni Anacreon ṣe ń pàdánù ọmọ rẹ̀ tí ó mọ nǹkan jù, tí ó sì ń gba àwọn tí ó mọ bọ́tìnì padà, ó sì ń dúpẹ́. Àlàyé Hardin fún èyí kúrú: àwọn ará ibẹ̀ ti ka sáyẹ́ǹsì sí oògùn, ó sì rọrùn láti fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á.

Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìpèníjà àkọ́kọ́, Wienis tí ó ń ṣe adelé fún ọba kékeré Lepold rán ọkọ̀ ogun sí Terminus. Hardin wà ní ààfin Anacreon lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ó di òru, àwọn àlùfáà pa gbogbo ẹ̀rọ. Iná kú ní ààfin. Omi kò sáré mọ́. Ní apá ibi tí ó wà ní ìgbà òtútù nínú ayé náà, kò sí ooru àfi nínú tẹ́ḿpìlì. Ọkọ̀ kankan kò gbéra. Ilé-ìwòsàn kò gba aláìsàn mọ́. Àlùfáà tí ó wà nínú ọkọ̀ ogun fi ọkọ̀ náà gégùn-ún, ọkọ̀ sì dúró. Wienis kọjú ìbọn sí Hardin, ààbò tí a kò lè rí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Wienis sì pa ara rẹ̀.

Ìṣẹ́gun dídùn ni ìtàn náà kà á sí, ó sì dùn lóòótọ́. Ènìyàn kì í fẹ́ kí Wienis borí. Síbẹ̀, ilé-ìwòsàn tí kò gba aláìsàn yẹn, ẹnu Hardin ni a ti gbọ́ nípa rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun yòókù tí ó ń kà lọ bí ẹni ń ka ọjà. A kò wọ inú rẹ̀. Kò sí aláìsàn kan ní Anacreon tí ó ní orúkọ, kò sí ìyá kan tí ó gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó bi Hardin léèrè ohun tí Hardin fúnra rẹ̀ ti béèrè: èéṣe tí a kò fi kọ́ ènìyàn sí i? Ẹni tí ó ti ra ẹ̀rọ tí a dí ìdí rẹ̀ pa, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó tà á nìkan ni ó lè ṣí i, yóò ka orí yìí lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí bí àwọn òǹkàwé New York ṣe kà á ní 1942. Asimov rí ìgbèkùn náà kedere, ó sì fi ọgbọ́n ṣàpèjúwe bí a ṣe hun ún. Kò kàn rò pé ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀.

Àwọn ayé tí ó tẹ̀lé e kò gba ẹ̀sìn mọ́. Askone kọ̀ ọ́ nítorí èèwọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi lélẹ̀ lórí ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù, oníṣòwò kan sì fi wúrà ba ọ̀kan nínú àwọn olóyè wọn jẹ́. Ìtàn náà kúrú, kò sì ju ẹ̀tàn ọjà lọ. Korell ni ó ṣe pàtàkì. Ọ̀gá Korell mọ̀ pé ibi tí àlùfáà Terminus bá ti wọlé, agbára ọba ti jáde. Hober Mallow, oníṣòwò, sọ fún un pé òun kò mú àlùfáà wá, owó ni òun ń wá. Ó ta ohun ọ̀ṣọ́ tí ń tàn yòò fún àwọn obìnrin, ó ta ẹ̀rọ ìdáná fún ilé, ó ta ẹ̀rọ tí ń gé irin fún ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ Korell gbé ogun dìde. Mallow kò jà. Ó kàn dáwọ́ òwò dúró. Ẹ̀rọ inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ogun, ènìyàn lè fara da ọta ìbọn fún ìlú rẹ̀. Kò rọrùn láti fara da ọ̀bẹ tí kò gé ẹran mọ́, nígbà tí ọ̀tá kò tilẹ̀ yọjú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Korell túúbá.

Láti mọ̀ bóyá Ìjọba Ńlá ń ran Korell lọ́wọ́, Mallow ti kọ́kọ́ lọ sí Siwenna, tí ó ti jẹ́ olú-ìlú ẹkùn rí, tí ogun ọba fúnra rẹ̀ sì ti bà jẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti rí ẹ̀rọ amúnáwá tí ó tóbi tó ilé ńlá, àti àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ìran baba sí ọmọ ni iṣẹ́ wọn. Ó bi ọ̀kan nínú wọn ohun tí wọn yóò ṣe bí apá kan bá jóná. Ọkùnrin náà bínú: ẹ̀rọ náà kò lè bàjẹ́, títí ayérayé ni a ṣe é fún. Mallow jáde, ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Ìjọba Ńlá ní irin tí kò lópin, nítorí náà ohun gbogbo ni ó ṣe ní títóbi. Ó lè fi ààbò bo odidi ìlú, kò lè fi bo ènìyàn kan. Terminus kò ní irin, nítorí náà ó di dandan fún un láti ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tí kò tó àtàǹpàkò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: gbogbo ọgbọ́n ogun àti òwò tí ó gbé Etílé ga wà nínú kèrègbè tí ọwọ́ Trantor kò lè wọ̀ mọ́.

Seldon ti sọ pé ìpìlẹ̀ méjì ni òun dá sílẹ̀, àti pé èkejì wà ní ìpẹ̀kun kejì ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá a nínú ìwé kẹta. Ẹnìkan fa ìlà tààrà láti Terminus gba àárín kọjá dé etí kejì. Ẹlòmíràn ní obìrípo kò ní ìpẹ̀kun, ẹni tí ó bá ń yí i po yóò padà sí ibi tí ó ti gbéra, nítorí náà Terminus fúnra rẹ̀ ni. Ìdáhùn tí Asimov fi pamọ́ dé ojú ewé ìkẹyìn ni Trantor. Onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ni Seldon. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ìpẹ̀kun kejì, kì í ṣe ibùsọ̀ ni ó ń kà. Ohun tí ó dojú kọ ayé tí ó tálákà jù, tí ó sì jìnnà sí ọba jù, ni ayé ọba.

Nígbà náà, wọ́n ti kó Trantor lógun. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù ṣí irin orí ilẹ̀ náà, wọ́n tà á fún ayé mìíràn, wọ́n fi owó rẹ̀ ra irúgbìn àti màlúù, oko sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bílíọ̀nù 40 ènìyàn ti ń kọ̀wé ìjọba. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin tí ó wá sí Terminus nígbà ogun tí ó kẹ́yìn nínú ìwé kẹta pe ara rẹ̀, Preem Palver. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Trantor ni ó rán òun. Oúnjẹ ni ó wá tà.